Ká Ní Bàlúù Ti Bà Sórí Dáàmù Ero: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Mọ́dẹ́ẹ̀lì Bàlúù Olómi Pẹ̀lú Omi Rẹ̀

Èkìtì ò ní òkun, a ò sì ní ọ̀sà. Omi fífẹ̀ tí a ní, omi dáàmù ni: Ero ní Ìkún-Èkìtì, Egbe, Ìtàpájì. Bóyá ìdí nìyẹn tí bàlúù olómi, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú tó ń bà sórí omi, fi máa ń wù mí í kọ́. Láàárín àwa tí à ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì, àwòkọ kékeré ohun gidi, ẹ̀yà iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ ń kọ́ ò ṣẹlẹ̀ rí, àmọ́ kò sóhun tó ní kó má lè ṣẹlẹ̀. Èmi máa ń pè é ní "ká-ní". Ká ní ìjọba ti ra á. Ká ní wọ́n ti bà síbí. Mo ti kọ́ mẹ́rin lórí fàráńdà wa ní Baṣírí, l'Ádó. Méjì àkọ́kọ́ bàjẹ́, ìkẹta ṣeé wò, ìkẹrin ni mo lè gbé síwájú àlejò. Bí mo ṣe ṣe ìkẹrin yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀, àti ibi tí àwọn tó kù ti yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ kọ́kọ́ pa irọ́ náà kó jókòó

Kí ẹ tó ṣí gọ́ọ̀mù, ẹ mú ìwé kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin sí i: ta ló ni bàlúù yìí, ọdún wo ni, kí ló wá ṣe, orí omi wo ló wà? Ẹni tí kò bá dáhùn wọn á kun ọ̀dà tán, á wá máa wò bọ̀ọ̀, kò ní mọ ohun tó yẹ kó kọ sára rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé tèmi sí 1962, nígbà ìjọba Apá Ìwọ̀-Oòrùn. Ó dùn létí. Àfìgbà tí mo bi ara mi pé orí omi wo gan-an ló máa bà sí ní Èkìtì nígbà yẹn. Dáàmù tí mo ní lọ́kàn, wọn ò tíì sé e. Ìkógòsì ńkọ́? Lóòótọ́ ni omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, ṣùgbọ́n odò tóóró ni, bàlúù ò ráàyè yí ìyẹ́ níbẹ̀. Irọ́ wó lulẹ̀. Mo wá sún un síwájú. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996. Ká ní ní 1997, ìpínlẹ̀ tuntun tí kò ní pápákọ̀ òfuurufú ra Beaver àlòkù kan, wọ́n wọ bàtà omi, ìyẹn ohun gígùn méjì tó ń léfòó, fún un, ó wá ń gbé nọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé etí dáàmù. Ìyẹn jókòó.

Beaver tí mo wí yìí, DHC-2 ti de Havilland Canada ni. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 1947 ló kọ́kọ́ fò, wọ́n ṣe é ju 1,600 lọ, púpọ̀ nínú wọn ò sì tíì sinmi títí dòní. Kò sẹ́ni tó máa bi yín pé níbo lẹ ti rí àlòkù rẹ̀ rà ní 1997.

Nǹkan kéékèèké ló ń tú irọ́ fó. Nọ́ńbà ara bàlúù ní Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí òmìnira tó dé, VR-N ni. Bí ẹ bá gbé tiyín sí 1958, ẹ má kọ 5N sí i. Èmi náà ti fẹ́ kọ "Land of Honour" sí ìrù tèmi kí n tó rántí pé ẹ̀yìn "Fountain of Knowledge" ni ìnagijẹ ìpínlẹ̀ wa yẹn dé. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ Èkìtì tó ti dàgbà ní 1997 ì bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwọ̀n

Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé ìkejì, Beaver fẹ̀ ní mítà 14.63. Ní ìwọ̀n 1/72, níbi tí bàlúù gidi ti gùn ní ìlọ́po 72 ju mọ́dẹ́ẹ̀lì lọ, ó di nǹkan bíi mìlímítà 203. Ní 1/48, ó di 305. Èmi mú 1/48, nítorí pé ènìyàn tó ga ní mítà 1.70 á jẹ́ mìlímítà 35 níbẹ̀, ojú mi ṣì lè kun aṣọ sí i lára. Ní 1/72, 24 péré ni. Pátákó tó tó sẹ̀ntímítà 45 sí 35 máa gba bàlúù, omi àti etí omi. Ẹ kọ àwọn ìwọ̀n yìí sí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ náà, ọkọ̀ apẹja o, igi o, àgbá epo o, ẹ kọ́kọ́ fi wé e.

Ara bàlúù

Bí ẹ bá rí páálí mọ́dẹ́ẹ̀lì Beaver rà, ẹ kọ́ ọ bí ìwé inú rẹ̀ ṣe wí. N ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, bàlúù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, irú Cessna, máa ṣe é. Ká-ní ṣáà ni. Ẹ yọ táyà rẹ̀ dànù. Ẹ fi pọ́tì àwọn tó ń kun mọ́tò dí ojú ibi tí ẹ ti lẹ ara rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kó fẹ́lẹ́, torí pé pọ́tì yẹn máa ń gbóná bó bá ń le, ó sì lè ba ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́. Sáńdípépà olómi, 400 ṣíwájú, 800 tẹ̀ lé e. Ó parí.

Bàtà

Oríṣi bàlúù olómi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ojú omi. Irú wọn ló ń bà sí ọ̀sà Èkó nígbà ogun àgbáyé kejì. Ti èkejì, bàlúù lásán ni, wọ́n kàn wọ bàtà gígùn méjì tó ń léfòó fún un ni. Ti èkejì ni Beaver wa. Bàtà yìí ló sì máa sọ bóyá ẹni tó mọ̀ ló kọ́ ọ.

Igi arère ni mo fi gbẹ́ tèmi. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ tọrọ àjẹkù rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, kì í sì í ya bó ṣe wù ú. Àwọn tó ń kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì lókè òkun ń fowó ra igi yìí, obeche ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ a ń fi í dáná níbí. Ẹ gé igi méjì tó dọ́gba, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ fi ìwé ìròyìn sáàárín wọn. Ẹ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ bàtà sí i lára, ẹ gé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọ̀bẹ bọ ojú ibi tí ìwé wà, wọ́n á pín sí méjì bí ìbejì. Kò sí pé ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ mọ́.

Abẹ́ bàtà rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, ó mú láàárín bíi lẹ́tà V. Níbi ìdajì rẹ̀, tàbí kó kọjá ìdajì díẹ̀, ibì kan wà tí abẹ́ yẹn ti gé sókè lójijì bí àtẹ̀gùn. Ẹ má fo àtẹ̀gùn yìí. Omi máa ń fa abẹ́ ohun tó bá ń sáré lórí rẹ̀ mọ́ra. Àtẹ̀gùn ló ń já omi kúrò lára bàtà kí bàlúù lè gbéra. Ẹ̀yìn ibi tí ìwúwo bàlúù ti dọ́gba ló máa ń wà, kò sì jìnnà sí i. Ẹ lè ní omi ṣáà máa bò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé bàlúù kúrò lórí omi kí ẹnì kan lè yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Báwo ni bàtà ṣe máa rì tó? Ibí yìí ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí bàtà lè gbé gbogbo ìwúwo bàlúù, kí agbára ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún sì tún ṣẹ́kù lórí ìyẹn. Bàtà EDO 4580 tí Beaver máa ń wọ̀ jẹ́ ká rí i kedere: nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ gan-an ni iye pọ́ùn tí ẹyọ kan lè gbé nínú omi tí kò níyọ̀. Méjì jẹ́ 9,160. Beaver tó kún dẹ́nu lórí omi jẹ́ pọ́ùn 5,090. Ẹ fi ìkejì pín ti àkọ́kọ́, 1.8 lẹ ó rí. Ìyẹn ni pé bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, díẹ̀ ju ìdajì bàtà lọ ló wà lábẹ́ omi; bí inú rẹ̀ bá ṣófo, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà sì máa ń rì ju imú rẹ̀ lọ. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà omi yẹn yí bàtà ká báyìí. Nínú ìkejì tí mo kọ́, bàtà jókòó sórí omi bí àwo lórí tábìlì, ẹni tó bá wò ó á rò pé omi náà ti dì.

Ọ̀pá tó so bàtà mọ́ ara bàlúù, ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe é, láti ìdí rẹ̀ tó nípọn. Ẹ fi sáńdípépà tẹ́ ẹ díẹ̀ kó má rí róbótó, ẹ fi súpà gúlù pa á lára kó le. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ gbẹ́ ihò méjì sínú fóòmù páálí tẹlifíṣọ̀n, ẹ tẹ́ bàtà síbẹ̀, ẹ wọn àyè àárín wọn níwájú àti lẹ́yìn. Bí kò bá dọ́gba, ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ lẹ ń ṣe yẹn. Okùn wáyà tó dábùú láàárín ọ̀pá wọ̀nyẹn, ẹyọ kan nínú àtáṣímẹ́ǹtì irun ló dára jù fún un. Ó tín-ín-rín, ó dúdú, ó sì máa ń nà ṣánṣán. Mo tọrọ tèmi lọ́wọ́ ìyàwó mi, kò tíì yé e dòní. Ní gìgísẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ ìtọ́kọ̀ kékeré kan tó ń wọ omi.

Ọ̀dà

Funfun ni mo fi ṣe ara rẹ̀, mo wá fa ìlà àwọ̀ ewéko kan láti imú dé ìrù. Ẹ fọ́n funfun kí ẹ tó fọ́n ewéko, láéláé. Ẹ lo téèpù ìwé, ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ dáadáa.

Ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ wa ló ń pinnu ìgbà tí ẹ máa kun ún, kì í ṣe ẹ̀yin. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú ọ̀dà, ojú rẹ̀ á wá ṣe hàùhàù bí ẹni fi ẹfun pa á. Bí èkíní mi ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá kan tó ń kun mọ́tò ló là mí lójú: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán kọ́kọ́ rà á. Láàárín mọ́kànlá sí méjì, ìgbà yẹn lẹ fọ́n ọn." Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Ó gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n eruku á bà lé e. Ẹ fọ́n ọn nínú yàrá tí ẹ ti wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi nǹkan bomú, kí ẹ sì da ike ìfọṣọ bò ó lẹ́yìn náà.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà, ẹ ní kí àwọn tó ń tẹ sítíkà tẹ̀ ẹ́ sórí sítíkà tó mọ́ gaara. Ẹ gé e súnmọ́ lẹ́tà gan-an.

Ìdọ̀tí ara rẹ̀ wá ńkọ́? Omi dáàmù ò níyọ̀, nítorí náà ẹ má fi funfun iyọ̀ àti ìpẹtà sára rẹ̀ bí àwọn tó ń kọ́ bàlúù orí òkun ṣe ń ṣe. Ìlà ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ kan lára bàtà, díẹ̀ lókè ibi tí omi dé, àti ẹsẹ̀ amọ̀ pupa lórí bàtà níbi tí àwọn èrò ti ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èéfín díẹ̀ níbi ẹ́ńjìnnì. Ó tó.

Omi

Omi ni iṣẹ́ náà gan-an. Bàlúù tó dára lórí omi tí kò dára, ẹ wulẹ̀ gbé e sórí tábìlì.

Búlúù ni mo kun omi ìkejì mi, bíi ti òkun inú kàlẹ́ńdà. Mo fi fọ́tò rẹ̀ han bàbá apẹja kan létí dáàmù. Bàbá wò ó, ó tún wò ó: "Ọmọ mi, aró lo dà síbẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Mo jókòó tì wọ́n, mo wá ń wo omi fún wákàtí kan gbáko. Láàárọ̀, ó funfun bí eérú, nítorí ojú ọ̀run ló ń wò. Lọ́sàn-án, ó di ewéko tó dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Létí, níbi tí kò jìn, ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan agbada. Kò síbi kankan tó jẹ́ búlúù. Ẹ lọ wo omi tiyín kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Ohun kejì tí mo rí níbẹ̀ ni pé kò séèyàn tó lè rí ìsàlẹ̀ omi yẹn, àfi létí. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àpò yín: ẹ ò nílò gálọ́ọ̀nù résíìnì kankan. Résíìnì, oje olómi tó máa ń le bíi gíláàsì, wà fún omi tó mọ́ gaara. Tiwa, ojú rẹ̀ nìkan la máa kọ́.

Pláíwúùdù ni pátákó ìsàlẹ̀. Ẹ lẹ fóòmù funfun tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 2 lé e. Ẹ gbé bàtà lé fóòmù, ẹ fa ìlà yí i ká níbi tí omi dé, ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ gbẹ́ ihò rẹ̀ kó há bàtà mọ́ra. Gìgísẹ̀ rì jù, ẹ rántí. Ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun pa gbogbo ojú fóòmù lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tíṣù. Ẹ ya á sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ìpele kan ṣoṣo, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti bọ inú gọ́ọ̀mù àti omi (ìdajì-ìdajì) tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá tutù, ẹ máa fi orí búrọ́ọ̀ṣì tì í díẹ̀díẹ̀ sí apá kan, á máa ká jọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìgbì nìyẹn. Ẹ padà síbi páálí ìwọ̀n: ìgbì tó ga ní sẹ̀ntímítà 10 lórí dáàmù, mìlímítà 2 péré ni ní 1/48. Bí ìgbì yín bá ga bí ìka ọwọ́, òkun tí ń bínú lẹ ti dá sílẹ̀ ní Mọ̀bà, níbi tí dáàmù Ero wà, yẹn.

Gbogbo ìgbì gbọ́dọ̀ gba ibì kan wá. Bàlúù olómi tí wọ́n bá so ní imú máa ń kọjú sí atẹ́gùn fúnra rẹ̀, bí àkùkọ onírin orí òrùlé tí wọ́n fi ń mọ ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Nítorí náà, ibi tí imú Beaver bá kọjú sí ni atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ìgbì ń ti ibẹ̀ wá, èéfín iná apẹja ń fẹ́ lọ sẹ́yìn, aṣọ tí wọ́n sá ń fẹ́ lọ sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá yà, ojú á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, bí ẹnu ò tilẹ̀ lè sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ẹmọ́ṣọ́ọ̀nù lẹ máa kun lé e: ewéko, àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú bíńtín fún ibi tó jìn, kó máa pọ́n síwájú sí i bó ṣe ń súnmọ́ etí. Ẹ má jẹ́ kí ìlà hàn níbi tí àwọ̀ kan ti pàdé èkejì. Búrọ́ọ̀ṣì tó tutù ni ẹ fi máa pa á pọ̀. Mo bu funfun díẹ̀ sí ìhà tí ojú ọ̀run ti ń wò ó. Lábẹ́ bàlúù gan-an, mo kun funfun ṣíṣókùnkùn kan tó rí bí òjìji ikùn rẹ̀. Bí ìyẹn ti kéré tó, òun ló mú bàlúù jókòó sínú omi.

Fáníìṣì dídán ló kù. Ìpele mẹ́rin tó fẹ́lẹ́ dára ju ẹyọ kan tó ki lọ. Ẹ fi wákàtí díẹ̀ sáàárín wọn, oòrùn ọ̀sán náà ni.

Létí omi nìkan ni mo ti lo résíìnì, mìlímítà 3 péré, kí òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè hàn. Oríṣi résíìnì tí wọ́n ń pè ní ẹ́pọ́sì ni kí ẹ rà. Résíìnì pólíẹ́sítà tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà máa ń jẹ fóòmù funfun run. Mo dà á sí tèmi nígbà kan, fóòmù wọlẹ̀ lójú mi bí iyọ̀ tó bọ́ sómi. Ẹ wọn ẹ́pọ́sì bí ara ike rẹ̀ ṣe wí, ẹ rò ó pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí pé ó lè mú kí ara máa yún èèyàn. Ẹ fi téèpù sé etí pátákó kó má ṣàn lọ.

Etí omi

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi dáàmù máa ń fà sẹ́yìn, ó máa ń fi ìgbànú ilẹ̀ pupa kan tí koríko ò hù sí sílẹ̀ láàárín omi àti igbó. Bí ẹ bá ṣe ìgbànú yẹn, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ẹ bu ilẹ̀ pupa ojúlówó, ẹ yan án nínú páànù kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin jọ̀ ọ́, ẹ wọ́n ọn sórí gọ́ọ̀mù. Igi gbígbẹ tó dúró nínú omi, igi ata tó ti kú ni mo fi ṣe é. Ẹ̀ka rẹ̀ pín bí ti igi ńlá. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí ẹ rún, tí ẹ sì kun ní ewéko ni ewé.

Èèyàn mẹ́ta tó. Mo fi ọkùnrin kan sórí bàtà pẹ̀lú pọ́ǹpù ọwọ́, nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ máa ń wọnú bàtà, àwọn awakọ̀ máa ń fa á jáde kí wọ́n tó gbéra láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà létí omi pẹ̀lú kúlà abẹ́rẹ́. Apẹja kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ̀yìn sí wọn, kò fẹ́ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí pùròpélà dúró gbọin. Bàlúù olómi kò ní bíréèkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, ó ti ń rìn nìyẹn. Bí ẹ bá fi ike róbótó ṣe pùròpélà tó ń yí, ẹ gbọ́dọ̀ tú okùn, kí ẹ ṣe ìfófòó omi lẹ́yìn bàtà méjèèjì, kí ọkùnrin oní-pọ́ǹpù sì sá wọlé.

Ìgbékalẹ̀

Ẹ fi fáásílìn pa bàtà níbi tí omi dé, ẹ gbé bàlúù sínú ihò rẹ̀, ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun dí àlàfo tó yí i ká, ẹ fi igi ìṣáná fà á wá sókè díẹ̀ mọ́ ara bàtà. Bó bá gbẹ, á mọ́ gaara, á rí bí omi tó rọ̀ mọ́ ọn, fáásílìn ò sì ní jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ fi fáníìṣì kan án. Okùn tó so imú mọ́ èèkàn, ẹ fi ìkọ́ kọ́ ọ, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa.

Àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù lè fi àjẹkù gíláàsì ṣe àpótí rẹ̀ fún yín. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, oòrùn máa ń sọ ẹ́pọ́sì di pípọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, ẹ yọ okùn, ẹ di ìdí ìyẹ́ mú, ẹ fa bàlúù sókè gbọọrọ, kí omi àti bàlúù wọ mọ́tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún fáásílìn pa kí ẹ tó dá a padà sínú ihò.